Pupa Kan Láàárín Dúdú àti Funfun

Bí ẹ bá wọ pálọ̀ ilé àtijọ́ kan ní Ìbàdàn, ní Yemetu, ní Ọjà'ba tàbí ní Bẹyẹrunka, ẹ gbójú sókè sí ara ògiri kí ẹ tó jókòó. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé àwọn àgbà ilé kọ́ sí, lókè pátápátá, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Bàbá jókòó lórí àga, ó la ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé ọwọ́ lé itan, agbádá bo àga mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ kòrókòró sí ẹni tó ń wò ó. Dúdú àti funfun ni fọ́tò ọ̀hún, àfi bí ọjọ́ orí bá ti sọ funfun rẹ̀ di àwọ̀ omi tíì. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí ohun kan níbẹ̀ tí kò dúdú tí kò sì funfun: ètè ìyàwó ilé tí ẹnì kan fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ pupa sí, tàbí yẹtí kan tó ń dán bíi góòlù létí obìnrin tí gbogbo ara rẹ̀ yòókù jẹ́ eérú.

Ohun tí àwọn ọmọ ìwòyí ń fi kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe nìyẹn, tí wọ́n bá sọ fọ́tò di dúdú àti funfun, tí wọ́n wá dá àwọ̀ padà sí ara gèlè nìkan, tàbí sí òdòdó ọwọ́ ìyàwó. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ètò kọ̀ǹpútà Photoshop ló bí i. Ó ti pé 150 ọdún láyé kí Photoshop tó dé. Ní tèmi, ìka ni àwọ̀ yẹn látọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ó ń nawọ́ sí ohun tí ẹni tó ni fọ́tò fẹ́ kí á kọ́kọ́ rí.

Ọdún 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ Louis Daguerre ní Paris. Àwòrán rẹ̀ mọ́ débi pé ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka irun ìpéǹpéjú, ṣùgbọ́n kò láwọ̀, èyí sì dun àwọn tó sanwó rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí Johann Baptist Isenring, ayàwòrán ọmọ Switzerland, fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Àwọ̀ lílọ̀ tó kúnná bí àtíkè ni wọ́n ń lò nígbà náà. Wọ́n a pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù igi, wọ́n a fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tọ́ ọ sí ojú àwo bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò, wọ́n a wá mí sí i kí ó lè lẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í kun gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ a gba pupa díẹ̀, òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn a gba góòlù, ó parí. Ní Yokohama, ní Japan, láti àwọn ọdún 1860, Felice Beato kó àwọn oníṣọ̀nà ibẹ̀ jọ láti máa fi ọwọ́ kun fọ́tò lórí bébà, iṣẹ́ wọn sì lọ káàkiri ayé.

Fọ́tò kò pẹ́ kó tó dé etí òkun tiwa. Augustus Washington, ọkùnrin dúdú tó ṣí wá láti Amẹ́ríkà, ti ń ya àwòrán irú ti Daguerre ní Monrovia, ní Liberia, láàárín àwọn ọdún 1850. Ní Èkó, George Da Costa, tí wọ́n bí ní 1853, di ẹni tí ìwé Red Book of West Africa ti 1920 lo àwòrán rẹ̀. Ní ìlú Benin, Solomon Osagie Alonge (1911–1994) kọ́ṣẹ́ ní Èkó, ó padà sílé, ó dá Ideal Photo Studio sílẹ̀ ní 1942, ó sì di ayàwòrán ààfin Ọba Akenzua Kejì. Lára fọ́tò tó fi sílẹ̀, tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington pàtẹ ní 2014, àwọn kan wà tí wọ́n fi ọwọ́ kùn.

Bamako, ní Mali, ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù wà. Seydou Keïta ṣí stúdíò rẹ̀ níbẹ̀ ní 1948, dúdú àti funfun ló sì ń yà. Àwọn oníbàárà a gbé fọ́tò wọn lọ sọ́dọ̀ oníférémù kan ní ìlú náà, oníférémù yìí ló sì máa ń mú búrọ́ọ̀ṣì nígbà mìíràn, tí yóò kun èékánná, ètè àti ohun ọ̀ṣọ́ obìnrin, tí kò sì ní fọwọ́ kan ibòmíràn. Aṣọ eérú, ojú eérú, èékánná mẹ́wàá pupa yòò. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan nínú rẹ̀ síwájú ọmọ tó ń ṣe ẹ́díìtì lónìí, kò ní bi yín léèrè kó tó sọ irú ètò tó rò pé wọ́n fi ṣe é.

Yorùbá ní orúkọ ìpìlẹ̀ mẹ́ta fún àwọ̀: funfun, pupa, dúdú. Ìyókù, àfiwé ni wọ́n: àwọ̀ ewé, àwọ̀ sánmà, àwọ̀ eérú. Fọ́tò àtijọ́ gba méjì nínú mẹ́ta náà wọlé, ó ti pupa mọ́ta. Mi ò ní búra pé ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ yìí fi máa ń lọ sí ìgò pupa ṣáájú, àmọ́ mo ti rò ó títí.

Pupa yìí gan-an ló sì fa wàhálà tó pọ̀ jù. Dúdú inú fọ́tò àtijọ́ kì í ṣe dúdú tí ojú tiwa mọ̀. Kẹ́míkà tó wà lójú àwo gíláàsì ìgbà àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀ búlúù ló rí dáadáa. Pupa, kò rí i rárá. Ní 1873, Hermann Vogel, ọmọ Jámánì, ṣàkíyèsí pé bí a bá fi irú aró kan sí kẹ́míkà náà, yóò rí àwọ̀ ewé pẹ̀lú. Pupa ṣì sá fún un. Ó di 1906 kí ilé-iṣẹ́ Wratten and Wainwright ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ta àwo tó lè rí gbogbo àwọ̀, síbẹ̀ onífọ́tò púpọ̀ kò fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn: níwọ̀n bí kò ti mọ pupa, iná pupa lè máa tàn nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, kí wọ́n máa rí ọwọ́ ara wọn.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ṣe sí aṣọ wa. Iyùn ọrùn ọba, tó pupa fòò lójú gbogbo ìlú, a jáde ní dúdú bí èédú. Àlàárì a ṣókùnkùn tóbẹ́ẹ̀ tí ojú fi lè ṣì í mú fún ẹtù. Àyìnrín, aró fífúyẹ́ yẹn, a funfun ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni pé wọ́n fi ọṣẹ bó o. Ara ènìyàn pàápàá a dúdú ju bó ṣe rí lójú lọ, nítorí pé pupa wà nínú àwọ̀ ara wa. Nítorí náà, ẹni tó bá mú fọ́tò Baálẹ̀ Ìbàdàn kan, láti ìgbà tí oyè náà kò tíì di Olúbàdàn ní 1936, tó sì fẹ́ fi àwọ̀ sí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn, kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó rí lójú bébà. Eérú tó ṣú yẹn lè jẹ́ iyùn. Ó sì lè jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ dúdú lóòótọ́. Ẹnì kan tó mọ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún un.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé àwọn àgbà onífọ́tò wa ka fọ́tò sí ohun tí a kì í fọwọ́ kàn. Ní 1975, Stephen Sprague, ayàwòrán àti olùkọ́ láti Amẹ́ríkà, lọ bá àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ìbejì ló gbà mí lọ́kàn jù. Bí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, onífọ́tò a ya èyí tó wà láyé, a tẹ nẹ́gẹ́tíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, ìbejì méjì a sì jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ takọtabo ni wọ́n, wọ́n a wọ aṣọ èyí tó kú fún alààyè, wọ́n a tún un yà, wọ́n a so méjèèjì pọ̀. Ìyá a wá gbé Táíwò àti Kẹ́hìndé rẹ̀ kọ́ sí ògiri. Ní Ìbàdàn wa yìí, tí ilé ìwòsàn ìbímọ Adéọ̀yọ́ wà ní Yemetu, tí Ìgbó-Ọrà kò sì jìnnà, níbi tí Dókítà Patrick Nylander ti kà á pé nǹkan bíi 45 nínú 1000 ìbímọ jẹ́ ti ìbejì, ẹ lè fojú inú wo bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lè wúlò tó. Máòsì kan kò sí níbẹ̀.

Robert Farris Thompson, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà tó bá àwọn àgbà wa sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ère, kọ ọ́ pé ìjọra ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò: kí ère jọ ènìyàn, àmọ́ kí ó má jọ ẹnì kan jù. Mo rí irú ojú yẹn lára fọ́tò tí wọ́n fi pupa tọ́ ètè rẹ̀. Gbogbo ènìyàn tó wọ pálọ̀ mọ̀ pé kun ni wọ́n kùn ún. Kò sí ẹni tó ń tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ìbàdàn ní tirẹ̀ nínú ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà òdì ló gbà wọ inú rẹ̀. J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Emai, dé ìlú yìí ní 1954 láti ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn ìjọba. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Agodi ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959, òun náà bọ́ sí ibẹ̀ ní 1961 gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán, kó tó lọ sí Èkó ní 1963. Láti 1968 ló ti ń ya irun dídì, onílé gogoro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, láti ẹ̀yìn orí, ní dúdú àti funfun. Mo ń dúró níbi iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó fi òdìkejì ọ̀rọ̀ hàn wá. Bí ẹ bá fi pupa kan sí yẹtí obìnrin tó wà nínú fọ́tò yẹn, kíá ni ojú yóò sá lọ síbẹ̀, a kò sì ní rí ojú irun mọ́. Àwọn fọ́tò wà tí kò fẹ́ ìka kankan.

Ìwé títẹ̀ náà kó ipa tirẹ̀, mo fẹ́ yára kọjá lórí èyí. Nígbà tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba àwo tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ, owó ló ń pinnu, ẹni tó bá fẹ́ tẹ alimánàkì ẹgbẹ́ a mú àwọ̀ kan kún dúdú. Wọ́n a gé àwọn olóyè ẹgbẹ́ jáde nínú fọ́tò wọn, wọ́n a tò wọ́n sórí ilẹ̀ pupa tàbí ilẹ̀ àwọ̀ ewé, orí eérú lórí ilẹ̀ tó ń pariwo. Ilé púpọ̀ ló ṣì ní ọ̀kan lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni fíìmù aláwọ̀ gbòde. Kodachrome ti wà láti 1935, àmọ́ àwọn ọdún 1970 àti 1980 ni fọ́tò aláwọ̀ di ohun tí mẹ̀kúnnù lè yà ní ọjọ́ ìkómọ. Búrọ́ọ̀ṣì oníférémù gbẹ. Dúdú àti funfun, tó jẹ́ ọ̀ranyàn tẹ́lẹ̀, di ohun tí ènìyàn ń yàn.

Ibi tí Photoshop ti ṣẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 1987, Thomas Knoll, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Michigan, ní kọ̀ǹpútà Macintosh kan tí ojú rẹ̀ mọ dúdú àti funfun péré. Ó kọ ètò kékeré kan kí ó lè máa fi àwọn àwọ̀ eérú tó wà láàárín méjèèjì hàn. Display ló pè é. John, àbúrò rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe idán inú sinimá, rí i pé nǹkan wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì mú un tọ ilé-iṣẹ́ Adobe lọ, ó sì jáde ní Oṣù Kejì 1990. Eérú ni ìyá rẹ̀, bíi ti gbogbo fọ́tò.

Ẹ̀dà ti 1994 ló mú kí a lè to àwòrán léra bí aṣọ. Onífọ́tò a gbé fọ́tò aláwọ̀ kan wọlé, a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lé e lórí, a fọ gbogbo àwọ̀ kúrò lára ti òkè. Aláwọ̀ wà nísàlẹ̀, eérú bò ó. Ohun tí wọ́n ń pè ní mask ló kù. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò nílò àlàyé: ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní dé ibẹ̀. Aládìrẹ tó ń ya Ìbàdàndùn, tó ń to àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó sójú aṣọ, ẹ̀kọ ló ń fi ìyẹ́ adìyẹ tọ́ sí ibi tó fẹ́ kí ó funfun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mask rí. Ibi tí onífọ́tò bá fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú gbà, eérú òkè a ṣí, àwọ̀ ìsàlẹ̀ a yọjú. Bí ó bá ṣì kùn, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì funfun bò ó padà. Ní 1998, Photoshop tún mú búrọ́ọ̀ṣì mìíràn dé, èyí tó ń rántí bí fọ́tò ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ènìyàn a kàn sọ gbogbo rẹ̀ di eérú, a wá fi búrọ́ọ̀ṣì náà ra gèlè padà láti inú àná. Àwọn tó ń kánjú fẹ́ràn èyí gan-an. Àmọ́ ohun tó bá ti bàjẹ́ nípasẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n bá ti pa fáìlì dé, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ etí gèlè ni wọ́n fi ń mọ ọ̀gá. Gèlè pupa kì í dá dúró: ó máa ń tan pupa díẹ̀ sí iwájú orí, sí etí, sí èjìká ẹni tó dúró tì í. Bí onífọ́tò bá gé àwọ̀ sí etí gèlè gbágá, ó máa dà bí ohun tí wọ́n gé nínú alimánàkì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá fi díẹ̀ sílẹ̀ kó tàn kọjá, iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀. Iyùn le jù, nítorí àlàfo wà láàárín ẹyọ kan sí èkejì, ara ọrùn sì ń yọjú níbẹ̀.

Ti fọ́tò tó jẹ́ dúdú àti funfun látìbẹ̀rẹ̀ yàtọ̀. Àwọ̀ kankan kò sí nísàlẹ̀ tí a fẹ́ ṣí. Wọ́n a gba fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n a fi ìpele òfìfo kan lé e, wọ́n a sọ fún ètò náà pé àwọ̀ nìkan ni kó mú láti inú ìpele yẹn, kí ó fi mímọ́ àti ṣíṣú ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Pupa tí wọ́n bá kùn síbẹ̀ a wọ inú gbogbo kíká aṣọ, a ṣú níbi tí òjìji wà, a mọ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á. Oníférémù Bamako ìbá yọ̀ láti ní irú rẹ̀.

Láti sinimá ni ayé ti tún kọ́ ọ. Ní 1925, Sergei Eisenstein ti jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ kun àsíá kan ní pupa nínú Battleship Potemkin. Ní 1993, Steven Spielberg fi ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ kóòtù pupa sáàárín ogun dúdú àti funfun nínú Schindler's List, ẹni tó bá sì wò ó mọ ìdí tí ojú kò fi lè fi ọmọ náà sílẹ̀. Káàdì ìfẹ́ náà gba àṣà yìí, ọmọ kékeré méjì tó wọ aṣọ àgbà, ọ̀kan mú róòsì pupa dání. Kò pẹ́ tó fi wọ álíbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó. Ó wọ̀ ọ́ jù, bí ẹ bá bi mí. Mo ti rí álíbọ́ọ̀mù tí táì ọkọ, bàtà ìyàwó, kéèkì àti ọkọ̀ tó gbé wọn wá, olúkúlùkù wọn ní àwọ̀ ní ojú ewé tirẹ̀. Ìka tó ń nawọ́ sí ohun gbogbo, kí ló ń fi hàn?

Fóònù wá mú un rọrùn ju bó ṣe yẹ lọ. Snapseed, ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, dé ní 2011, Google rà á ní ọdún kejì. Ní 2018, Google Photos gbé ohun kan jáde tó ń wá ènìyàn inú fọ́tò fúnra rẹ̀, tó ń fi àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tó sì ń sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di eérú, kí ẹni tó ni fóònù tó bèèrè. Ní ọdún yẹn kan náà ni Jason Antic gbé DeOldify jáde, tó ń fi àwọ̀ sí gbogbo fọ́tò àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ MyHeritage mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ní 2020. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi irú rẹ̀ kun àwọn ọba àti ìyálóde àtijọ́. Ó dùn ún wò. Ẹ̀rọ náà sì ń méfò ni, láti inú àwọn àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ. Mélòó ni àlàárì nínú wọn? Kò mọ̀ pé àwo gíláàsì kò rí pupa. Dúdú ló rí lọ́rùn ọba, dúdú ni yóò fi sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí onífọ́tò tó mọṣẹ́ fi máa ń pe àwọn ẹbí jọ. Ọmọ a gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ àgbà wá kí ọjọ́ ìrántí tó pé, a ní, “Ẹ bá mi fi àwọ̀ sí gèlè àti iyùn wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ojú wọn o.” Onífọ́tò a ní, “Àwọ̀ wo ni gèlè náà?” Ọmọ kò mọ̀. Wọ́n a tẹ ẹ̀gbọ́n ìyá láago, àwọn yẹn a ní pupa ni, àwọn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àbúrò bàbá a gba fóònù, a ní rárá, aró ni, òun ló bá wọn rà á ní ọjà Ọjẹ̀. Wọ́n a jà á títí. Ní ọ̀rọ̀ iyùn nìkan ni ẹnu wọn kò. Onífọ́tò a wá fi pupa sí iyùn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a sì fi gèlè sílẹ̀ ní eérú.